Àpò Fóònù Bọ̀dá Ìgbẹ́kẹ̀lé

Ní aago méjìlá ọ̀sán Ọjọ́rú ni ààwẹ̀ wa parí. Bọ̀dá Ìgbẹ́kẹ̀lé tú àpò ọ̀rá tí wọ́n kó fóònù gbogbo wa sí, wọ́n ń pè wá lọ́kọ̀ọ̀kan. Èmi ni wọ́n pè ṣìkejì. Mo tan fóònù mi, àtẹ̀jíṣẹ́ kan tó ti wà ńlẹ̀ láti ọjọ́ Ajé sì wọlé: wọ́n ti fa ìdánwò àwọn tó fẹ́ ka ìmọ̀ òfin ní yunifásítì sẹ́yìn láti ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni wọ́n máa ṣe é, ní aago mẹ́wàá àárọ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni àná.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Nínú àwọn ìwé ìtàn tí mo máa ń yá lọ́wọ́ bàbá tó ń ta ògbólógbòó ìwé ní Kuje tó wà lẹ́bàá Festac, òjò máa ń rọ̀ tí ìròyìn burúkú bá dé. Oòrùn ló ń ràn ní tèmi. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń pín búrẹ́dì àti àkàrà láti fi ṣínu, ẹnì kan ń bèèrè ata sí i.

Ọdọọdún ni Bọ̀dá Ìgbẹ́kẹ̀lé, olórí àwọn ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Festac, máa ń gba ààwẹ̀ ọjọ́ márùn-ún pẹ̀lú àwa tí a fẹ́ ṣèdánwò. Wọ́n á gba fóònù wa kí ọkàn wa má baà pínyà. "Ọlọ́run ò ní fi Wáásáàpù bá yín sọ̀rọ̀," báyìí ni wọ́n máa ń wí, a ó sì rẹ́rìn-ín. Èmi ni mo kọ́kọ́ ju tèmi sínú àpò.

Èmi àti Dammy nìkan ló fẹ́ ṣe lọ́yà nínú wa. Oṣù mẹ́fà la fi ka ìwé ìbéèrè àtijọ́ kan ṣoṣo. Mo ti dà á kọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, torí ẹni tó ni ín fẹ́ gbà á padà. Tí mo bá ti ń wo òkè, tí mo ń rí ara mi nínú aṣọ dúdú níwájú adájọ́, Dammy á fi rúlà kàn mí lórí. "Lọ́yà àgbà, ẹ padà wá sí ìbéèrè kẹtàdínlógún."

Mi ò ṣínu. Ilé Dammy ni mo sáré lọ. Bọ̀dá ní kí n bá a mú fóònù tiẹ̀ dání, torí kò wá láti àná. Ó ní inú ń run òun. Ní aago mẹ́wàá àná, èmi gan-an ni wọ́n ní kí n darí àdúrà lórí inú rẹ̀. Mo tiẹ̀ sunkún sí i. Ní gbogbo ọ̀nà, mò ń ro bí mo ṣe máa rọra sọ ọ́ fún un, torí ara rẹ̀ ò yá.

Ó ń jẹ ẹ̀bà nígbà tí mo dé.

"Kìtán, jókòó. Ṣé o ti jẹun?"

"Dammy, wọ́n ti ṣe ìdánwò wa. Àná ni. Ó ti bọ́ mọ́ àwa méjèèjì lọ́wọ́."

Kò pariwo. Ó kàn ń wo abọ́. Ìgbà náà ni mo rí ìwé tó wà lábẹ́ ife omi rẹ̀, èyí tí a fi ń wọ gbọ̀ngàn ìdánwò, tó ní àwòrán ojú rẹ̀. Wọ́n ti lu òǹtẹ̀ aláwọ̀ búlúù lé e. Déètì àná ló wà nínú òǹtẹ̀ náà.



"Fóònù méjì ni mo ní," ó wí. "Kékeré yẹn ò dé inú àpò."

"Ọjọ́ Ajé lo ti mọ̀."

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"A jọ gbàdúrà lọ́jọ́ Ajé. O di ọwọ́ mi mú."

"Tí mo bá sọ fún ẹ, wàá bi mí níbi tí mo ti gbọ́. Ìwọ tí ọ̀rọ̀ kì í dúró sí nínú. Bọ̀dá á yọ mí kúrò nínú akọrin, màmá mi á gbọ́." Ó ti abọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Mo dé ẹnu géètì yín láàárọ̀ àná. Mo gbọ́ tí o ń kọrin. Mo yí padà."

"Kí ni wọ́n bi yín?" Mi ò mọ ìdí tí mo fi bèèrè.

"Ogójì ìbéèrè lórí kọ̀ǹpútà, ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Mọ́kànlá wà nínú èyí tí o dà kọ. Ìkọ̀wé ọwọ́ ẹ ni mo ń rí lójú."

Ẹkún ò wá. Mo ṣáà ń wo òǹtẹ̀ náà.

Ó fa àga rẹ̀ sún mọ́ mi. "Kò tíì tán o. Wọ́n ní kí ẹni tí kò wá mú lẹ́tà tó sọ ìdí rẹ̀ wá lọ́la, ó lè ṣe é lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Àǹtí mi tó jẹ́ nọ́ọ̀sì ní Satellite Town máa kọ ọ́ pé ibà dá ẹ dùbúlẹ̀. Mo ti bá wọn sọ ọ́."

"Inú ló run ìwọ, ibà ló wá kan èmi."

Ó fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó wo ojú mi, kò rín in mọ́.

Ìwé ibà máa ń ṣiṣẹ́, gbogbo wa la mọ̀. Òótọ́ tèmi, pé fóònù mi wà nínú àpò ààwẹ̀, wọ́n lè fi ṣẹ̀fẹ̀ ní ọ́fíìsì wọn, kí wọ́n ní kí n padà wá lọ́dún tó ń bọ̀. Mo gbé fóònù tí wọ́n fi rán mi sórí tábìlì.

"Dammy, mi ò ní gba ìwé ibà. Ọ̀dọ̀ Bọ̀dá Ìgbẹ́kẹ̀lé ni mò ń padà lọ, kí wọ́n kọ ọ́ pé ọwọ́ àwọn ni fóònù mi wà, kí wọ́n sì buwọ́ lù ú. Wọ́n máa bi mí bóyá ìwọ náà ò ṣe é. Mi ò ní purọ́ fún wọn."