Ayùn Tí Okùn Rẹ̀ Rọ̀

Kí á tó kan Inoussa, kí á tó kan Súbérù, Chérifatou ló kọ́kọ́ ṣe òmùgọ̀, òun náà kò sì jiyàn. Ẹnu rẹ̀ ni. Ẹnu yẹn ti ń kó o sí wàhálà láti ìgbà tó ti wà ní omidan ní Kétu. Ó ti di ìyá àgbà ní Ouagadougou báyìí, eyín mẹ́rin ti kúrò níbẹ̀, síbẹ̀ ẹnu kò dín.

Igi dóńgóyárò ńlá tó wà láàárín ọgbà ilé wọn ní Tampouy ni ìjì òjò àkọ́rọ̀ wó lulẹ̀. Kò pa ẹnikẹ́ni. Ilé ìwẹ̀ nìkan ló forí gbá. Onílé ní ẹni tó bá lè gé e kó máa kó o lọ. Igi ìdáná ọdún kan gbáko nìyẹn, lásìkò tí gáàsì wọ́n bí ojú. Lọ́jọ́ kejì, àwọn agégi mẹ́ta dé pẹ̀lú àáké. Wọ́n ní àwọn yóò gé e tán kí ilẹ̀ tó ṣú, kí wọ́n sáà fún àwọn ní ìdajì. Agnès, ìyàwó télọ̀ tó ń gbé yàrá kejì, yọjú.

"Ìyá Karimatou, ẹ jẹ́ kí wọ́n gé e o jàre. Bàbá ti dàgbà."

Ká ní Chérifatou dákẹ́ ni, ọ̀rọ̀ ì bá tán síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ká ìró rẹ̀ sókè, ó na ìka sí ẹnu ọ̀nà.

"Ta ló dàgbà? Ẹ̀yin agégi, ẹ máa lọ! Ọkọ mi ṣì wà láyé. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni yóò fi gé igi yìí, màá sì fi se ọbẹ̀ tí ẹ ó máa gbóòórùn rẹ̀ láti títì!"

Àwọn ọkùnrin náà gbé àáké wọn, wọ́n bá tiwọn lọ. Nígbà tó yíjú padà, Súbérù ọkọ rẹ̀ ló rí lẹ́nu ilẹ̀kùn. Ó ti gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó ń mi orí bí ẹni tí wọ́n yìn lójú agbo, ọwọ́ òsì ló sì fi di férémù ilẹ̀kùn mú.

Ọwọ́ òsì. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà.

Birikilà ni Súbérù. Apá ọ̀tún rẹ̀ ti to búlọ́ọ̀kù ní ìlú yìí tí ẹnikẹ́ni kò lè kà á. Ṣùgbọ́n ní bí ọdún méjì sẹ́yìn, búútà já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tó ti ń ṣe àlùwàlá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní ọṣẹ ló mú ọwọ́ yọ̀. Láti ọjọ́ yẹn, ìka ọ̀tún kò fẹ́ padé mọ́, kò sì lè bu ọkà kó dúró. Súbérù kò sọ fún ẹnikẹ́ni. Chérifatou rí i, òun náà kò sọ. Ó kàn kéde lọ́jọ́ kan pé ọkà ń dun òun léyín, ìrẹsì àti wàsáwàsá tí wọ́n ń fi èlùbọ́ ṣe nìkan ni òun yóò máa sè, kí gbogbo ilé máa fi ṣíbí jẹun. Ọkà ń dùn ún léyín! Ta ló ń fi eyín jẹ ọkà? Súbérù wò ó, kò jiyàn. Nígbà tí Súbérù kò lè di ọwọ́ mótò ẹlẹ́sẹ̀ méjì rẹ̀ mú dáadáa mọ́, ìyá àgbà náà ní ìdí òun ti fẹ̀ ju ìjókòó mótò lọ, ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni òun yóò máa wọ̀, ọkọ òun yóò sì máa sin òun. Àwọn aládùúgbò rẹ́rìn-ín ìdí rẹ̀ títí. Kò dùn ún. Ìdí tirẹ̀ ni, ó lè fi ṣe ohun tó wù ú.

Ṣùgbọ́n igi dóńgóyárò kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ìdí bò mọ́lẹ̀. Ó wà láàárín ọgbà, gbogbo ayé ń rí i, wọ́n sì ń dúró de Súbérù. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́ ọjọ́ kẹta, Chérifatou yọ́ jáde láti fi àáké dín in kù díẹ̀. Àáké ta padà bí ẹni tó sọ òkúta lu táyà, ìyá sì fi ìdí jókòó sínú ẹrẹ̀ gbàgà. Ó rẹ́rìn-ín ara rẹ̀ títí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀ sára. Inú ẹrẹ̀ yẹn náà ni ọgbọ́n ti sọ sí i lórí, tàbí ohun tó pè ní ọgbọ́n: ayùn ẹlẹ́ńjìnì! Ẹ̀rọ ni yóò ṣe iṣẹ́, kí ló wá kan apá? Ó ta àgùtàn méjì.

Inoussa, ọmọ ẹ̀yà Mossi kan tó ń tún mótò àti ẹ̀rọ ìlọta ṣe ní Gounghin, ni wọ́n júwe fún wọn pé kì í purọ́ fún oníbàárà. Ó gbé ayùn mẹ́ta sórí tábìlì.

"Èyí tuntun ni," ó wí fún wọn ní èdè Dioula. "Ó ń dán, àbí? Ẹ má rà á. Ó wọ́n, igi ìdáná ilé kò sì nílò abẹ tó gùn tó yẹn. Èyí àárín ni kí ẹ wò. Zone du Bois, àdúgbò àwọn olówó, ni wọ́n ti lò ó, ẹ̀ka igi ọgbà ni wọ́n fi ń gé. Mo tú u palẹ̀, mo rí inú rẹ̀, ó mọ́. Tí ṣéènì rẹ̀ bá já, kò sí ọjà tí ẹ kò ti ní rí òmíràn. Owó tí ẹ mú wá sì ká a."

"Ẹ̀kẹta ńkọ́?" Chérifatou béèrè.

"Ẹ jẹ́ ká gbọ́ ti èyí ná, Màmá."

Ó gbé ayùn àárín sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ ọ̀tún tẹ ìdí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ọwọ́ òsì di orí rẹ̀ mú, ó fi ọ̀tún fa okùn. Lẹ́ẹ̀kejì, ó bú ramúramù. Adìẹ méjì fò kọjá. Inoussa pa ẹ̀rọ náà.

"Bàbá, ó kàn yín."

Súbérù ká apá ẹ̀wù. Ó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, ó fà á. Okùn jáde díẹ̀, ó dúró gírígírí bí ewúrẹ́ tí kò fẹ́ lọ sọ́jà. Ó tún fà á. Ìka rẹ̀ ṣí fúnra wọn, okùn sá wọlé. Ó fà á lẹ́ẹ̀kẹta, ó fà á lẹ́ẹ̀kẹrin. Àwọn tó ń mu tíì lábẹ́ ibòji bẹ̀rẹ̀ sí wo ilẹ̀. Iṣan ọrùn ọkùnrin náà le, òógùn ń kán láti àgbọ̀n rẹ̀ sórí ẹ̀rọ.

"Ẹ gbé e kúrò níwájú mi!" Chérifatou pariwo. "Ariwo èyí ń gbọn àpòòtọ̀ mi. Ṣé ẹ fẹ́ kí n tọ̀ sí gáráàjì ọmọ ọlọ́mọ ni? Ẹ fún wa ní oníwà tútù."

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Inoussa kò fẹ́, ṣùgbọ́n Súbérù ti na ọwọ́ sí ayùn kẹta fúnra rẹ̀. Ó fa okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan péré. Okùn náà rọ̀, ó tẹ̀ lé e wọ́ọ́rọ́ bí ìyàwó tuntun. Ẹ́ńjìnì dáhùn. Ojú Súbérù là, ó rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí Chérifatou ti rí irú ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn.

"Èyí ni," Súbérù wí. "Èyí mọ̀ mí."

Wọ́n pe ìrun ọ̀sán, ó sì rìn lọ sí mọ́sálásí kékeré tó wà lódìkejì títì. Inoussa dúró de ìgbà tó kọjá.

"Màmá, ẹ má rà á. Ẹ́ńjìnì tó bá ṣì lágbára máa ń bá ẹni tó ń fa okùn rẹ̀ jà. Èyí rọ̀ nítorí pé inú rẹ̀ ti jẹ, èémí rẹ̀ ń yọ sẹ́gbẹ̀ẹ́. Tó bá gbóná, á kú. Mo fẹ́ tú u tà ní wẹ́wẹ́ ni."

"Ṣé kò lè gé igi kan?"

"Ẹ̀ka wẹ́wẹ́. Bóyá. Ti àárín yìí ló dáa, Màmá, owó yín sì tó o. Ẹ wá ẹni tí yóò máa bá Bàbá fa okùn rẹ̀."

Chérifatou wo òdìkejì títì. Súbérù ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú mọ́sálásí, ó ń fi òsì da omi sí ọ̀tún. Ó ń bá ọkùnrin kan sọ̀rọ̀, ó ń fi orí tọ́ka sí gáráàjì, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Tà á fún wa."

"Màmá, ẹ ò gbọ́ mi?"

"Mo gbọ́. Má jẹ́ kí òun gbọ́."

Inoussa gba owó bí ẹni tí wọ́n gbé ẹyín iná lé lọ́wọ́. "Mo ti sọ fún yín o. Ọlọ́run ń gbọ́."

"Barka, ọmọ mi. Barka," ó fi èdè Inoussa dúpẹ́.

Ní Tampouy, gbogbo ilé jáde. Súbérù fa okùn lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀rọ dáhùn, Agnès sì pàtẹ́wọ́. Ó gé ẹ̀ka kan, ó gé èkejì, lẹ́búlẹ́bú igi ń fọ́n sí irùngbọ̀n rẹ̀ bí ìyẹ̀fun. Chérifatou ń jó yí i ká, ó ń bi wọ́n pé ta ló sọ pé ta ló dàgbà. Níbi ẹ̀ka kẹta, ẹ̀rọ wúkọ́, ó tu èéfín dúdú, ó dákẹ́.

Súbérù fa okùn. Ó tún fà á. Ó fà á títí àwọn ènìyàn kò fi mọ ibi tí wọn yóò wò mọ́. Ní ìgbẹ̀yìn, apá náà ń gbọ̀n fúnra rẹ̀, gbogbo ilé sì ń rí i. Ó fi òsì dì í mú kó lè dúró.

"Bàbá, ẹ sinmi díẹ̀," Agnès wí jẹ́jẹ́. "Apá yín…"

Chérifatou kò jẹ́ kí ó sọ ọ́ tán. "Apá wo? Ẹ̀rọ ló kú! Inoussa ló lù wá ní jìbìtì! Olè ni! Ó rí arúgbó, ó gbé òkú ẹ̀rọ fún un. Ẹ wo èéfín!"

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ ọn lẹ́nu bó ṣe ń jáde, nítorí pé ó ṣiṣẹ́. Ojú gbogbo wọn kúrò lára apá, ó bọ́ sára ẹ̀rọ. Wọ́n ṣépè fún Inoussa. Súbérù nìkan ni kò ṣépè. Ó fi aṣọ nu abẹ ayùn náà, ó sì gbé e wọlé.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, ó ti wọṣọ.

"Níbo?" Chérifatou béèrè.

"Gounghin. Yóò sọ ọ́ lójú mi pé òun rẹ́ ìyàwó mi jẹ."

"Bàbá Karimatou, ẹ fi í sílẹ̀ fún Ọlọ́run."

"Ọlọ́run ní iṣẹ́ tirẹ̀. Wọ aṣọ rẹ."

Nínú ọkọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta náà, Chérifatou bẹ̀ ẹ́ pé orí ń fọ́ òun, ó bẹ̀ ẹ́ pé inú ń run òun. Súbérù gbé ayùn náà sórí itan bí ọmọ, kò wo ẹ̀gbẹ́. Ní gáráàjì, ó gbé e lé tábìlì níwájú àwọn tó ń mu tíì.

"Ìwọ ọmọ yìí, láti ìgbà tí mo ti dé ìlú yìí, ẹnikẹ́ni kò rẹ́ mi jẹ rí. Ìwọ wá rẹ́ ìyàwó mi jẹ. Ẹ̀rọ tó ti kú lo tà fún un. Ó dé ilé, ó ń pariwo pé olè ni ọ́."

"Inoussa?" ọ̀kan nínú wọn wí. "Inoussa tiwa yìí?" Oníbàárà kan tó ti gbé kọ́kọ́rọ́ mótò rẹ̀ sílẹ̀ fún àtúnṣe na ọwọ́ jẹ́jẹ́, ó mú un padà sínú àpò.

Inoussa rí i. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó láti dá a láre, kò sì sọ ọ́. Ó kàn ń wo Chérifatou. Ó wò ó bí ọmọ ṣe ń wo ìyá rẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń nà án fún ohun tí ìyá náà jẹ.

Chérifatou wá ọ̀rọ̀ ẹ̀rín tó máa ń gbà á. Kò rí.

"Ó sọ fún mi," Chérifatou wí.

Súbérù yíjú. "Kí ló sọ?"

"Pé inú rẹ̀ ti jẹ. Pé ká má rà á. Ó bẹ̀ mí. Èmi ni mo ní kó tà á. Inoussa kì í ṣe olè. Èmi ni mo parọ́ mọ́ ọn."

Oníbàárà yẹn gbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ padà sórí tábìlì, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Súbérù wo ayùn àárín tó ṣì wà níbẹ̀, ó wo okùn rẹ̀, ó sì wo ọwọ́ ọ̀tún ara rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́ bí ohun tí wọ́n gbé fún un pé kó bá àwọn dì mú. Ó fi Dioula sílẹ̀, ó padà sí èdè ilé, èyí tí ẹlòmíràn níbẹ̀ kò gbọ́. Ohùn rẹ̀ kò le rárá.

"Ìyá Karimatou, láti ìgbà wo lo ti mọ̀ nípa apá mi?"