Ẹ̀gúsí Táyé, Ẹ̀gúsí Kẹ́hìndé

Lọ́dún tí náírà dé, Hàlímọ̀ sá ẹ̀gúsí sórí àtẹ níwájú ilé ọkọ rẹ̀ ní Igbó-Ọrà. Kò pẹ́ tí Táyé, ọmọ rẹ̀ ọlọ́dún méjì, fi da gbogbo àtẹ náà sínú iyẹ̀pẹ̀. Inú bí Hàlímọ̀ dé góńgó, ó nawọ́ sókè.

“Ìyá Ìbejì, nà án o,” ni ìyá ọkọ rẹ̀ wí. “Ṣùgbọ́n ohun tá a bá fún Táyé, a gbọ́dọ̀ fún Kẹ́hìndé. Kí ni Kẹ́hìndé wá ṣe tó o fẹ́ fi nà án?”

Ọwọ́ Hàlímọ̀ wálẹ̀. Ó fi igbá kékeré lé Táyé lọ́wọ́, ó bẹ̀rẹ̀ tì í. “Ó yá, jẹ́ ká ṣà á.” Wọ́n ṣà á títí ó fi tán. Kẹ́hìndé jókòó, ó ń wò wọ́n. Inú Hàlímọ̀ dùn, ó gbé Táyé jó.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Hàlímọ̀ gbọ́ gbàmù, ó sáré jáde. Kẹ́hìndé ti da àtẹ nù, ó ti gbé igbá sítan, ó ń ṣa ẹ̀gúsí, ó sì ń wojú ìyá rẹ̀, bí ẹni ń bèèrè pé, ijó tòun dà?