Ahéré Iná Orí Ọkọ̀

Tideke tú àwọn agbá ọtí tó ti fọ́, ó sì to pákó wọn jọ sí ẹsẹ̀ òpó ìgbòkun. Alásè ọkọ̀ ni. Látìgbà tó ti ń bá àwọn atukọ̀ ti èbúté Wismar lọ sí ti Bergen, orí àpótí iyanrìn tó wà ní gbangba ló ti ń dáná. Bí atẹ́gùn bá yí, òun náà á yí, á fi ẹ̀yìn ara rẹ̀ ṣe ògiri fún iná. Kò sẹ́lòmíì tó mọ̀ ọ́n ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ọ̀hún ti darúgbó. Òjò pa iná náà lẹ́ẹ̀kan, ẹja gbígbẹ líle ni gbogbo wọn sì fi eyín fà jẹ.

Gherwin, ọ̀gá ọkọ̀, kò fọ̀rọ̀ bọpo bọyọ̀: "Bàbá, bí a bá tún pàdánù oúnjẹ gbígbóná, èbúté la ó fi yín sí."

Ìdí nìyẹn tí Tideke fi ń kan pákó pọ̀, kó lè fi ahéré kékeré bo iná. Ó fi amọ̀ àti bíríkì tẹ́ inú rẹ̀, kí iná má baà ran igi. Ó fi ẹ̀wọ̀n gbé ìkòkò kọ́, kí ó lè máa fì bí ọkọ̀ bá ń fì. Ó dá ihò èéfín sórí, ó sì fi pákó kan tó ṣeé yí dènà ibi tí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́ wá.

"Bàbá, ṣé ahéré lèyí àbí ilé?" Wobbe atukọ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó yọjú wò ó. "Ajá mi ò lè nà tán síbẹ̀!"

"Tó bá ti lè bo iná, ẹ pè é ní méjèèjì."

Ni wọ́n bá so ọ̀rọ̀ méjèèjì pọ̀ lédè wọn, wọ́n ń pè é ní kabuse.

Ìjì ká wọn mọ́ agbami. Omi ń gbá orí ọkọ̀, àmọ́ ẹ̀wà ń hó nínú kabuse.

"Èyí dára ju ilé ìyá ìyàwó mi lọ!" Wobbe ń fẹ́ abọ́ rẹ̀. Gherwin alára bù ú lẹ́ẹ̀mejì.

Nígbà tí wọ́n padà dé Wismar, Gherwin pe Tideke sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ lọ sinmi, Bàbá. Detmar, àbúrò ìyàwó mi, ni yóò máa se oúnjẹ."

"Ẹ ní bí a bá pàdánù oúnjẹ gbígbóná nìkan ni mo máa lọ."

"Ẹ̀yìn yín la gbà síṣẹ́. Pákó ti gba iṣẹ́ ẹ̀yìn."

Tideke dúró sí èbúté pẹ̀lú àpò aṣọ rẹ̀, ọkọ̀ sì ń ṣí lọ. Èéfín ń yí padà sínú kabuse, Detmar ń wúkọ́.

"Yí pákó orí ẹ̀, ìwọ ọmọ yìí! Atẹ́gùn ti yí!" Tideke kígbe láti èbúté.

Detmar yí i. Èéfín náà gòkè tààrà. Àwọn atukọ̀ pariwo sí Detmar pé, "Kabuse, oúnjẹ dà?" Kò sẹ́ni tó wo èbúté.