Òkìtì Bàdírù

Ọdún tí ogun Hítílà parí ni báàjì tí Bàdírù tù láti Ẹ̀pẹ́ há sórí yanrìn nítòsí Ìkòròdú, lójú omi tí gbogbo atukọ̀ mọ̀ pé ó jìn. Omi wọ ọkọ̀ pẹlẹbẹ náà, ẹ̀kùrọ́ inú rẹ̀ sì bà jẹ́. Nígbà tí àwọn tó ni ọkọ̀ ń wádìí, Kàsímù, tí ọgbà ẹja rẹ̀, igi tí wọ́n rì sómi láti fi há ẹja mọ́, wà nítòsí ibẹ̀, ní òun rí i kedere: Bàdírù ń sùn nídìí ọkọ̀. Wọ́n gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Bàdírù. Àwọn ọlọ́kọ̀ sì sọ yanrìn náà ní Òkìtì Bàdírù.

Bàdírù ò gbàgbé. Ilé kéú kan náà ni òun àti Kàsímù jọ lọ, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí Kàsímù bá dúró níwájú ní mọ́ṣáláṣí, ẹ̀yìn pátápátá ni Bàdírù ń lọ. Bí Wòsílátù ìyàwó rẹ̀ bá gbé ọbẹ̀ síwájú rẹ̀, yóò kọ́kọ́ bèèrè pé ọgbà ta ni ẹja inú rẹ̀ ti wá.

"Ẹja ò sọ fún mi," Wòsílátù a ní. "Ẹ jẹun, Bàbá Fàlílátù."

Nígbà tó yá, ìjọba rán ẹnjiníà kan, Olúsànyà, pé kó tún ọ̀nà báàjì ṣe. Olúsànyà ò tíì fọwọ́ kan ọ̀sà. Ó fi sìmẹ́ǹtì mọ ọ̀sà kékeré kan sẹ́yìn Èbúté Ìkòròdú, ó da yanrìn kíkúnná sí i, ó ń tú omi gba inú rẹ̀ kọjá bí omi ọ̀sà ṣe ń ṣàn. Igi ìgbálẹ̀ ló fi ṣe ọgbà ẹja. Ó ní bí ọ̀sà kékeré yìí bá ṣe ohun tí ọ̀sà ńlá ṣe, yóò fi ibi tí àwọn lè ri igi sí hàn, kí omi fúnra rẹ̀ máa gbá yanrìn kúrò lọ́nà ọkọ̀.

Ó ránṣẹ́ pe Bàdírù àti Kàsímù, torí àwọn méjèèjì ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí báàjì há. Bàdírù wọ agbádá Jímọ̀ lọ. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Omi kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀.

"Bàdírù, o ti jí?" Kàsímù bú sẹ́rìn-ín. Kàsímù ti ní báàjì méjì àti èbúté tirẹ̀ báyìí.

"Ọ̀gá ẹnjiníà," Bàdírù ní, "ẹ bá mi sọ fún ọkùnrin yẹn pé n kì í bá ẹlẹ́rìí èké sọ̀rọ̀."

Olúsànyà tú omi. Yanrìn ń ṣàn lọ, ojú ọ̀nà mọ́ kedere.

"Ẹ̀yin bàbá, ibi tí òkìtì yẹ kó wà nìyí. Mo ti tú omi títí, kò hù. Ohun kan wà tí wọn ò sọ fún mi. Bí n ò bá mọ̀ ọ́n, màá ní kí báàjì máa gba ibòmíràn."

Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu Kàsímù. Ibòmíràn jìnnà sí èbúté rẹ̀.

"Ẹ bi í," Bàdírù ní, "ṣé oorun mi ló kó yanrìn jọ?"

Àwọn ọlọ́kọ̀ tó wá wòran rẹ́rìn-ín. Bàdírù mú igi ìgbálẹ̀ díẹ̀, ó nà án sí Kàsímù.

"Gbà. Ìwọ lo ri ọgbà rẹ, fi ibi tó dé hàn wá."

Ọ̀rọ̀ tó kọ́kọ́ bá a sọ láti ìgbà ogun nìyẹn. Kàsímù gbà á. Ó lóṣòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí ri igi náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kọjá òpó ààlà ọgbà rẹ̀, ó wọ àárín ọ̀nà ọkọ̀. Olúsànyà tún tú omi. Yanrìn dúró lẹ́yìn igi, ó ń wú díẹ̀díẹ̀ bí àkàrà nínú epo.

"Òun gan-an nìyẹn!" ni ẹnjiníà kígbe.

Kàsímù fẹ́ dìde. Bàdírù ò yà fún un.

"Ẹnu lo fi bà mí jẹ́. Ẹnu ni kí o fi tún un ṣe."

Kàsímù wo àwọn ọlọ́kọ̀ yíká.

"Ẹja ò wọlé lọ́dún yẹn," ó ní. "Mo na ọgbà mi wọ ọ̀nà ọkọ̀. Nígbà tí mo gbọ́ pé báàjì ń bọ̀, mo gé igi rẹ̀ kúrú sábẹ́ omi, kí ẹnikẹ́ni má bàa rí i. Kùkùté rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀." Ó gbé ojú sókè. "Bàdírù ò sùn."