Máàpù Aago Méjìlá

"Má fọwọ́ kan máàpù yẹn, Gilbert! Pe Élisabeth wá ná."

Èmi ni Sẹ́ẹ̀fù, ọ̀gá wa, ń jágbe mọ́, èmi tí mo ti ń tọ́jú máàpù ní ọ́fíìsì ìrànlọ́wọ́ yìí ní Atakpamé fún ọdún mọ́kànlá. Odò Mono ti kún bo ọ̀nà Moretan láti àná, àgbà sì wà níkàlẹ̀, ọmọ tó dé lóṣù mẹ́ta sẹ́yìn ni wọ́n ń pè. Kí n má purọ́, ìlara fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Kí ni Élisabeth tiẹ̀ ṣe? Bí ìròyìn omi bá ti dé tí a ya máàpù tuntun, á lẹ bébà pélébé mọ́ ọn, á kọ ibi, ọjọ́ àti wákàtí sí i. Orí lásán ni èmi fi ń rántí tèmi.

"Gilbert, orí lè ṣàìsàn," ni Sẹ́ẹ̀fù wí. "Bébà kì í ṣàìsàn." Gbogbo ọ́fíìsì fi mí rẹ́rìn-ín.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, máàpù Moretan méjì wà lórí tábìlì. Lórí ti aago mẹ́jọ, afárá ṣì dúró. Lórí ti aago méjìlá, omi ti gbé e lọ, ọ̀nà òkè nìkan ló kù. Élisabeth jáde lọ mumi. Mo yọ bébà pélébé méjèèjì, mo pààrọ̀ wọn. Mo rò pé Sẹ́ẹ̀fù á rí àṣìṣe náà, á bú u, ó tán.

Sẹ́ẹ̀fù ka bébà, ó mú máàpù tó ní aago méjìlá lára, kò fi í wé èkejì. Ó fọkàn tán ọmọ náà. Ọkọ̀ kàmíyọ̀ tó ń gbé nọ́ọ̀sì lọ bá aboyún kan ní Moretan gba ọ̀nà afárá lọ lójú mi, n kò sì lanu.

Kò sí afárá níbẹ̀ mọ́, ọkọ̀ náà padà lófo; lọ́jọ́ kejì ni wọ́n lé Élisabeth fún àṣìṣe bébà.

"Fofó, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀yin náà rí i pé mo kọ ọ́ dáadáa," ló ń sunkún sọ.

"Àbúrò, ta ló lè mọ̀?" ni mo fèsì. Kọ́kọ́rọ́ yàrá máàpù padà sọ́wọ́ mi.

Lọ́jọ́ kẹta, àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Ògúnlàdé fẹsẹ̀ rìn wá láti Moretan, ẹrẹ̀ dé orúnkún rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ kú sórí ìkúnlẹ̀.

"Wọ́n ní nọ́ọ̀sì ń bọ̀," ló wí. "A gbé e wá sẹ́bàá ọ̀nà òkè tí omi ò dé, a ń retí."

Sẹ́ẹ̀fù ní kí n sàmì sí ibi tó kú sí lórí máàpù. Mo mú bébà pélébé, mo kọ Moretan, mo kọ ọjọ́. 

"Aago mélòó ló kú?" ni mo bi í.

"A ò ní aago, ọ̀gá mi. Oòrùn ń wọ̀ ni."

Mo kọ aago mẹ́fà. Ògúnlàdé tẹrí ba, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ mi.