Fèrè Ọkọ̀ Tíṣà

"Ẹ fọn ọ́n kó ya!" Nọ́ọ̀sì àgbà pariwo láti yàrá. "Mi ò tíì rí yẹtí mi kejì!"

Fèrè ọkọ̀ ò dákẹ́. Ogójì ọdún ni Tíṣà, ọkọ rẹ̀, ti ń fi fèrè yọ ọ́ lẹ́nu bí wọ́n bá fẹ́ jáde, ogójì ọdún náà ni Nọ́ọ̀sì sì ti ń mọ̀ọ́mọ̀ falẹ̀. Ó tún jókòó, ó kun àtíkè lẹ́ẹ̀kejì.

Ọmọ wọn obìnrin sáré wọlé. "Mọ́mì! Orí Dádì ló wà lórí fèrè!"

Tíṣà ti sùn fọnfọn lórí ìjókòó awakọ̀, ó ń hanrun, kọ́kọ́rọ́ ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀rín kọ́kọ́ fẹ́ pa Nọ́ọ̀sì. Ó gbọ̀n ọ́n jìgìjìgì, kò jí. Ẹ̀rín bá lọ.

"Ta ló fọwọ́ kan pẹpẹ oògùn mi?"

"Èmi ni mo nù ún lánàá, Mọ́mì. Eruku ti bò ó."

Àyà Nọ́ọ̀sì já. Igò méjì ló wà níbẹ̀, kò sí àkọlé lára wọn: ti ọ̀tún, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru Tíṣà, ti òsì, fẹnobábítónì, oògùn oorun àtijọ́ tí òun fúnra rẹ̀ ti ń lò láti ọdún mẹ́sàn-án. Ta ni yóò kọ nǹkan sára igò fún nọ́ọ̀sì? Láàárọ̀ yìí, inú igò ọ̀tún ló ti mú ẹyọ méjì fún ọkọ rẹ̀ láìwò ó.

Ọmọ náà wa ọkọ̀ dé ilé ìwòsàn. Dókítà tí wọ́n bá níbẹ̀ kéré sí ọmọ náà lọ́jọ́ orí.

"Mọ́mì, kí lẹ fún wọn?"

Ìbéèrè tí Nọ́ọ̀sì fi ọgbọ̀n ọdún na àwọn ará ilé aláìsàn lẹ́gba nìyẹn. "Fẹnobábítónì," ló dáhùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Ẹyọ méjì. Àṣìgbé ni." Ẹ̀rù ń bà á gidigidi. Ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú, ó ń ka èémí rẹ̀.

"Ó dáa tí ẹ tètè sọ. Oògùn gìrì gidi ni, ṣùgbọ́n tó bá pọ̀ jù, ó lè dá èémí dúró. Ta ló ni ín?"

Nọ́ọ̀sì wo àjà. "Èmi ni."

"Ẹ má dá a dúró lójijì o, gìrì lè gbé yín. Díẹ̀díẹ̀ la ó máa dín in kù. Ẹ jẹ́ kí n ṣí káàdì fún yín."

"Káàdì aláìsàn? Èmi nọ́ọ̀sì?"

"Mọ́mì, tótó ó ṣe bí òwe: bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èkù ara rẹ̀," ni dókítà náà sọ.

Nọ́ọ̀sì yí ojú padà sọ́dọ̀ ọkọ rẹ̀. Ó ń ka èémí lọ títí ọ̀sán fi pọ́n, títí oòrùn fi ń wọ̀. Nígbà náà ni Tíṣà la ojú kan.

"Ṣé ìyàwó mi ò tíì múra tán ni?"

Ẹkún àti ẹ̀rín gbé Nọ́ọ̀sì lẹ́ẹ̀kan náà. "Mo ti múra tán," ló sọ, ó sì na ọwọ́ sí dókítà pé kó mú káàdì náà wá.