Aṣọ Tí Afẹ́fẹ́ Wọ̀

Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni iṣẹ́ ọwọ́ Àǹtí Abẹ́rẹ́ já bọ́ láti ojú ọ̀run, ẹ̀ẹ̀kan yẹn náà ló sì ń dùn ún. Kì í ṣe pé ó ń sunkún kiri o. Obìnrin tó ti ń ránṣọ fún ọdún mẹ́rìnlélógún, tó jẹ́ pé tó bá wò ọ́ lẹ́ẹ̀kan péré, ó ti mọ iye ínṣì tó wà ní ìbàdí rẹ, ibo ló ti fẹ́ ráyè sunkún? Ohun tó ń bí i nínú ni pé wọ́n ní òun ló jẹ̀bi, ó sì dá a lójú pé òun kọ́.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, tó ń tún rédíò ṣe, ló fà á wọ ẹgbẹ́ àwọn tó ń fi bàlúùnù ránṣẹ́ sókè. Mẹ́fà ni wọ́n, kò sì sí ẹni tó ń fi í ṣiṣẹ́ ṣe nínú wọn, ó kàn wù wọ́n ni. Wọn á fẹ́ gáàsì sínú bàlúùnù rọ́bà ńlá kan, wọn á so àpótí kékeré mọ́ ọn nísàlẹ̀, kámẹ́rà àti rédíò á wà nínú rẹ̀. Bàlúùnù á máa gòkè títí á fi bẹ́, àpótí á wá máa bọ̀ nílẹ̀ lábẹ́ agbòòrùn aṣọ tó ń dá a dúró, kó má baà já lulẹ̀ bí òkúta. Rédíò ló ń sọ ibi tí wọ́n á ti lọ gbé e. Àǹtí Abẹ́rẹ́ ló ń rán agbòòrùn yẹn.

Ní oṣù méjì sẹ́yìn, àpótí já lulẹ̀ gbì, kámẹ́rà inú rẹ̀ rún wómúwómú. Baba Wọnlẹ̀, wọnlẹ̀wọnlẹ̀ tó ti fẹ̀yìn tì tó sì jẹ́ olórí ẹgbẹ́, kò fi bọpo bọyọ̀. Ó ní rírán agbòòrùn ni kò dára, ìdí nìyẹn tí kò fi ṣí. Tí tuntun bá tún kọ̀ tí kò ṣí, ó ní àwọn á lọ mú èyí tí ilé iṣẹ́ rán, kí Àǹtí máa bá búláòsì tó mọ̀ ọ́n rán lọ. Àǹtí fọwọ́ sọ̀yà pé yóò ṣí. Ó tún ní kí wọ́n fi kámẹ́rà kejì sí i, kó kọjú sókè, kí gbogbo ayé lè rí iṣẹ́ òun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, wọ́n kóra jọ sí pápá ìṣeré kan, wọ́n wọ ìbọ̀wọ́ kí èékánná má baà ha rọ́bà. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́. Agbòòrùn pupa àti funfun náà kò jókòó jẹ́ẹ́, ṣe ló ń gbá àbúrò Àǹtí lójú. Àbúrò fọwọ́ bàpò, ó yọ rọ́bà róbótó kan, irú èyí tí wọ́n fi ń di ìwé pọ̀, ó sì fi di aṣọ náà ní ìbàdí. Àǹtí Abẹ́rẹ́ wo ọwọ́ rẹ̀, ó tún wo ojú rẹ̀.

“Ṣé bó o ṣe ṣe é nígbà yẹn náà nìyẹn?”

Àbúrò rẹ̀ ò lè gbójú sókè. “Mo gbàgbé láti tú u ni, Àǹtí mi. Èmi ni mo kọ́kọ́ dé ibi tó já sí, mo bá yọ ọ́ kí àwọn tó kù tó dé.”

Inú bí i gidigidi. Oṣù méjì gbáko ló fi tú ojú rírán wò, tó ń wá àṣìṣe tí kò sí níbẹ̀! Ṣùgbọ́n bàlúùnù ti kún, ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n á ti jà. Ó tú rọ́bà náà, ó jù ú sínú àpò ara rẹ̀, ó ní kó di okùn mú dáadáa. Wọ́n jọ̀wọ́ bàlúùnù, ó sì gba òkè lọ.

Inú ọkọ̀ Baba Wọnlẹ̀ ni wọ́n ti ń tẹ̀ lé e, gbogbo wọn ń wo kọ̀ǹpútà. Rédíò tuntun ni wọ́n lò lọ́tẹ̀ yìí, òun sì ni àkọ́kọ́ tó máa ń sọ bí àpótí ṣe ń sáré tó. Lẹ́yìn wákàtí méjì, bàlúùnù bẹ́ ní ọgbọ̀n kìlómítà sókè. Àpótí bẹ̀rẹ̀ sí í já bọ̀: ọgọ́ta mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Baba Wọnlẹ̀ mi orí, ó ní òun ti sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Àǹtí Abẹ́rẹ́ ń jẹ bísíkíìtì tirẹ̀.

“Baba, ẹ fara balẹ̀,” ló wí. “Afẹ́fẹ́ òkè yẹn ò tó ohun tí aṣọ á fi kún. Ẹ jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ wá bá afẹ́fẹ́ ná.”

Kì í gé aṣọ láìkọ́kọ́ béèrè nípa ẹni tó máa wọ̀ ọ́. Afẹ́fẹ́ ló máa wọ èyí, nítorí náà ọ̀sẹ̀ kan gbáko ló fi bi àbúrò rẹ̀ léèrè nípa afẹ́fẹ́, títí ìyẹn fi ń sá fún un.

Iye náà di ogójì. Ó di ogún. Nígbà tó di mẹ́wàá, ẹnì kan mí kanlẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀. Ó di márùn-ún, ó sì dúró síbẹ̀ títí tó fi balẹ̀.

Inú koríko lẹ́yìn ilé ìwé kan ni wọ́n ti bá a, kò sí ohun tó ṣe àpótí rárá. Baba Wọnlẹ̀ bọ Àǹtí lọ́wọ́. Ó ní òun gbà fún un, pé rírán èyí dára ju ti àtijọ́ lọ fíìfíì.

Ju ti àtijọ́ lọ! Àǹtí Abẹ́rẹ́ fọwọ́ kan rọ́bà inú àpò rẹ̀. Ó wo àbúrò rẹ̀.

“Baba,” ni àbúrò rẹ̀ wí, “ti àtijọ́ náà dára. Èmi ni mo fi rọ́bà dì í tí mi ò tú u. Mo sì fi pa mọ́ fún yín.”

Baba Wọnlẹ̀ yíjú sí Àǹtí. “Ẹ má bínú, Àǹtí. Mo fi ẹ̀sùn tí kì í ṣe tiyín kàn yín.”

Ìgbà yẹn ni omijé bọ́ lójú Àǹtí. Ó sáré fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún, ó yọ rọ́bà náà, ó fi lé àbúrò rẹ̀ lọ́wọ́, ó ní kó lọ fi di ìwé.

Wọ́n ṣí àwòrán kámẹ́rà kejì. Ojú ọ̀run dúdú bí aró, agbòòrùn sì kún bámúbámú láàárín rẹ̀, gbogbo ojú rírán rẹ̀ hàn kedere. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́. Àǹtí Abẹ́rẹ́ gba kọ̀ǹpútà, ó gbé e sún mọ́ ojú.

“Ìlà kẹta yẹn wọ́ díẹ̀,” ló wí. “Ẹ gbé agbòòrùn náà fún mi, màá tún un rán.”